A Ti Jẹ Ewúrẹ́ Gbàǹjo Tán, Owó Ẹ̀ Dà?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kú oṣù o. Àpò lẹ́tà kún fọ́fọ́ lóṣù yìí, bí mo sì ṣe mọ̀ pé àsìkò ìkórè ti dé nìyẹn, torí bí ìkórè bá ti ń bọ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ owó básà àti owó láńṣìn ló máa ń gba gbogbo lẹ́tà, ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ lánlọ́ọ̀dù á lọ jókòó sẹ́yìn ná. Mẹ́rin ni mo mú. Ti àkọ́kọ́ gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà wa. Èmi ni igbákejì akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Èkó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dárúkọ ìlú wa o. Lọ́dún 2022 a ṣe láńṣìn torí a fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sílé, ìgbà yẹn aboyún tó bá ń rọbí lóru, ọ̀kadà ni wọ́n fi ń gbé e lọ sí ìlú kejì. Àwọn èèyàn kó nǹkan wá, a lu gbogbo ẹ̀ ní gbàǹjo, ewúrẹ́, òfì, àwòrán Kábíyèsí tí wọ́n fi férémù sí, kódà odindi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí iye tí wọ́n rà á ya èmi gan-an lẹ́nu. Nínú gbàǹjo nìkan a rí ₦4.8 mílíọ̀nù, àwọn tó kàn fúnni lówó láìra nǹkan kan mú ₦1.1 mílíọ̀nù wá. Kó tó di pé a fi bíríkì lé bíríkì, ìjọba ti kọ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé síbẹ̀, wọ́n sì ń gbẹ̀bí níbẹ̀. Owó wá dúró. Alága ní àkáǹtì ẹgbẹ́ ò mú èrè wá, ló bá kó o sí àkáǹtì ara ẹ̀, ó ní fixed deposit ni. A bi í léèrè nípàdé oṣù tó kọjá, ó ní ẹni tó ra ewúrẹ́ ti jẹ ewúrẹ́ ẹ̀, kí ló kù tí ẹ ń wá? Àwọn kan ní ká dá owó padà fún àwọn tó rajà, àwọn kan ní ká fi ra bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́, bàbá kan tiẹ̀ ní ká fi tún ààfin ṣe. Ta ló ni owó yìí gan-an? Ṣé a lè pe alága lẹ́jọ́?
*Igbákejì akọ̀wé, Ìkòròdú*

Igbákejì akọ̀wé mi, ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé alága yín ò purọ́ tán. Ìdajì ohun tó sọ yẹn, adájọ́ gidi ti sọ ọ́ rí. Ìdajì kejì tí ò sọ ni ọ̀rọ̀ wà.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọlọ́pàá West Sussex ní àpò kan tí wọ́n ń kó owó sí fún opó àti ọmọ ọlọ́pàá tó bá kú. Owó inú ẹ̀ ò ti ibì kan ṣoṣo wá o: àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ń dá, wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ráfù, wọ́n ń ṣe àríyá tí èèyàn máa sanwó kó tó wọlé, wọ́n ń gbé kóló káàkiri, àwọn míì fún wọn lówó ní tààrà, àwọn míì sì kọ ọ́ sínú wíìlì pé bí mo bá kú kí ẹ fún wọn ní iye báyìí. Nígbà tó di January 1968 wọ́n da àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn àdúgbò míì, àpò yẹn ò níṣẹ́ tó ń ṣe mọ́, owó ṣì wà nínú ẹ̀, ìjà dé. Adájọ́ Goff jókòó, ó pín owó yẹn bí ẹni ń pín ẹran ìléyá. Ó ní ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ráfù tàbí tó sanwó wọ àríyá, ọjà lonítọ̀hún rà, ó ti gba ohun tó sanwó fún, kò lè padà wá sọ pé òun ṣì ní nǹkan níbẹ̀. Ẹni tó ju owó sínú kóló náà, ó ti jù ú, ó ti lọ. Àwọn tó fúnni ní tààrà àti àwọn tó fi í sílẹ̀ nínú wíìlì nìkan ló ní kí wọ́n dá tiwọn padà fún.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ alága yín fẹ́ jọ èyí. Ẹni tó fi ₦150,000 ra ewúrẹ́ ní gbàǹjo, tó fà á lọ sílé, tó fi se ọbẹ̀, kò rọrùn fún un láti padà wá ní ẹ fún mi lówó mi. Nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ní kí wọ́n dá owó padà fún àwọn tó rajà, ẹ rọra. Àmọ́ ẹ bi mí, àwọn owó tí adájọ́ ní kò lólówó mọ́ yẹn, níbo ni wọ́n gbà? Ìjọba ló kó o. Kò sí ibi kankan nínú ìdájọ́ yẹn tí wọ́n ti sọ pé kí alága ẹgbẹ́ kó o sápò. Pé ẹni tó rajà ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́ kò túmọ̀ sí pé owó ti di ti ẹni tó mú un dání, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, alága yín ló sì dà á pọ̀ mọ́ ara wọn fún yín nípàdé tí gbogbo yín fi dákẹ́.

Adájọ́ míì ò tiẹ̀ gbà pé ẹni tó fúnni lówó lè sọ ẹ̀tọ́ ẹ̀ nù bẹ́ẹ̀ yẹn. Lọ́dún 1951, bọ́ọ̀sì kan já wọ àárín àwọn ọmọkùnrin kéékèèké tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú títì ní Gillingham, ó pa 24 nínú wọn. Àwọn olórí ìlú mẹ́ta kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn pé ká kó owó jọ láti sin àwọn ọmọ náà, ká sì tọ́jú àwọn tó farapa, owó tó wọlé sún mọ́ £9,000, ọ̀pọ̀ ẹ̀ látọwọ́ ẹni tí kò kọ orúkọ sílẹ̀. Wọ́n ná an, ó kù. Adájọ́ Harman ní 1958 ní èyí tó kù, ti àwọn tó mú un wá ni, kódà bí ẹ ò bá mọ̀ wọ́n. Ẹ wo wàhálà! Níbo lẹ ti fẹ́ rí ẹni tó fi ṣílè kan ránṣẹ́ láìkọ orúkọ? Abẹ́ àṣẹ kóòtù ni wọ́n kó owó yẹn sí.

Ọ̀rọ̀ tiyín wá yàtọ̀ sí ti méjèèjì, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa nìyí. Àpò àwọn ọlọ́pàá yẹn àti owó Gillingham, kóòtù ò kà wọ́n sí iṣẹ́ àánú gbogbogbòò. Ilé ìgbẹ̀bí tí ẹnikẹ́ni nínú ìlú lè lò, iṣẹ́ àánú pọ́nbélé ni lójú òfin, látìgbà òfin Ọbabìnrin Elizabeth ti 1601 ni ìtọ́jú aláìlera ti wà nínú ohun tí wọ́n ń kà sí bẹ́ẹ̀, àwa náà sì jogún òfin yẹn lọ́wọ́ òyìnbó. Bí owó iṣẹ́ àánú ò bá ráyè ṣe ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kó o jọ mọ́, tó sì hàn pé àánú lápapọ̀ ló wà lọ́kàn àwọn tó mú un wá, kóòtù gíga láṣẹ láti ní kí wọ́n gbé e lọ sí ohun tó jọ ọ́ jù lọ, cy-près làwa lọ́yà ń pè é, ẹ má dá wa lóhùn, Faransé àtijọ́ ni. Ohun tó jọ ilé ìgbẹ̀bí jù lọ ni bẹ́ẹ̀dì, sólà, oògùn, mọ́tò tí wọ́n á fi máa gbé aboyún, nínú ilé ìwòsàn tí ìjọba kọ́ yẹn gan-an. Kìí ṣe bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́. Bàbá tó ní ká fi tún ààfin ṣe, kí Kábíyèsí pẹ́ o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bímọ láàfin.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wá fídíò ọjọ́ láńṣìn yẹn. Mo mọ̀ pé ó wà lórí fóònù ẹnìkan. Ohun tí MC sọ lórí maikrofóònù kó tó bẹ̀rẹ̀ gbàǹjo, àti ohun tó wà lórí ìwé ìpè, òun lòfin á kọ́kọ́ wò, òun ló máa sọ orúkọ owó yẹn. Bó bá jẹ́ pé “fún ilé ìgbẹ̀bí” nìkan ló sọ, ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ náà nìyẹn. Bó bá lọ jẹ́ pé ó ní “fún ilé ìgbẹ̀bí àti àwọn ìdàgbàsókè míì nílùú wa,” ọ̀rọ̀ dẹ̀ fún yín nìyẹn, ìpàdé gbogbogbòò lè fẹnu kò sórí nǹkan ìlú míì láìdé kóòtù rárá. Gbólóhùn kan péré tí MC fi kún un láti fi gbayì lè gbà yín lọ́wọ́ ẹjọ́ ọdún mẹ́fà. Èmi fúnra mi ti jókòó síbi láńṣìn kan rí, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni MC pè é láàárín wákàtí kan, ilé ìkàwé, gbọ̀ngàn, “ọjọ́ iwájú àwọn ọmọ wa,” mo kàn ń mirí ni níbi tí mo jókòó sí.

Ó ku alága. Owó tí wọ́n fún èèyàn pé kó fi ṣe nǹkan kan pàtó, tó wá ń lò ó bíi tiẹ̀, òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa lè pe ìyẹn ní olè, kò ní kó jẹ́ pé ó fọ́ ilé kankan. Ẹ má tíì kígbe olè o, ó lè jẹ́ òótọ́ ni pé èrè ló ń wá fún ẹgbẹ́. Ẹ kọ̀wé sí i, ẹ béèrè stétímẹ́ǹtì báǹkì látọjọ́ tí owó ti wọlé, ẹ fún un lọ́jọ́ tó máa dáhùn. Èlé fixed deposit yẹn ńkọ́? Ti owó ẹgbẹ́ ni, kọ́bọ̀ kan ò gbọdọ̀ jẹ́ tiẹ̀. Ọdún 1726 ni ilé ẹjọ́ London ti fìdí ìyẹn múlẹ̀, nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ọjà Romford tí wọ́n háyà fún ọmọ kékeré kan: onílé ò gbà láti tún un háyà fún ọmọ náà, ọkùnrin yìí bá gbà á fún ara ẹ̀, wọ́n ní kó kó gbogbo èrè ẹ̀ fún ọmọ náà, pẹ̀lú pé kò jalè rárá.

Bí kò bá dáhùn, ẹ wò ó bóyá ẹgbẹ́ yín forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ní trustee, àwọn tó ń bójú tó dúkìá ẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, abala 839 nínú CAMA 2020, òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, fàyè gba ìdá kan nínú márùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ láti gbé ẹ̀bẹ̀ lọ sí Federal High Court pé kí wọ́n dá àwọn trustee dúró ná bí wọ́n bá ń ṣe owó báṣubàṣu, kí wọ́n fi àwọn míì dípò. Bí ẹ ò bá forúkọ sílẹ̀, ẹgbẹ́ yín ò lè dá pẹjọ́ lórúkọ ara ẹ̀, àwọn mélòó kan nínú yín ló máa pè é lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ní High Court. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tì yín sí kóòtù Small Claims Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018 yẹn, lóòótọ́ ó yá, ọjọ́ 60 ni wọ́n fún un láti parí ẹjọ́, ṣùgbọ́n gbèsè tí ò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ ló wà fún, tiyín ti jẹ́ ₦5.9 mílíọ̀nù, kìí sì í ṣe gbèsè lásán. Àwọn tó fúnni ní ₦1.1 mílíọ̀nù láìra nǹkan kan yẹn, ẹ ya orúkọ wọn sọ́tọ̀ lórí ìwé, bí kóòtù bá ní kí ẹ dá owó ẹnikẹ́ni padà, àwọn ló máa kọ́kọ́ kàn.

Bọ̀dá Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Níbi básà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní London, wọ́n ń lu ọ̀pẹ̀yìnbó kan ní gbàǹjo láti fi kówó jọ fún àwọn ọmọ aláìníyà. Ọ̀rẹ́ mi ló ń tì mí, gbogbo èèyàn ń pariwo, mo bá ara mi ní £1,500, olùgbàǹjo ní “ó di ẹ̀ẹ̀kan, ó di ẹ̀ẹ̀mejì,” ó lu tábìlì. Nígbà tí mo délé ìyàwó mi ní ṣé orí mi pé. Mi ò mú ọ̀pẹ̀yìnbó náà lọ o, mo fi sílẹ̀ lórí tábìlì níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó tì mí yẹn, òun nawọ́ nígbà tí wọ́n ní ta ló máa fi £2,000 ṣèlérí, kò tíì san kọ́bọ̀, kò sẹ́ni tó pè é. Èmi nìkan ni akápò ń fóònù sí lójoojúmọ́ pé wọ́n máa gbé mi lọ sí kóòtù. Ṣé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀?
*Àbúrò yín, Peckham*

Àbúrò mi, wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ ni wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí, mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ ọ.

Òfin ọjà títà ti 1979 ní ibẹ̀ yẹn, abala 57, sọ pé nínú gbàǹjo, ọjà ti di rírà nígbà tí òòlù bá balẹ̀. Kí òòlù tó balẹ̀ o láṣẹ láti ní “mo ti mú ọ̀rọ̀ mi padà,” kò sí ẹni tó máa mú ọ. Lẹ́yìn ẹ̀, ó ti di àdéhùn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, tìrẹ tún wá bá òòlù rìn. Pé ọ̀pẹ̀yìnbó ò tó £1,500 kò kan kóòtù, ìwọ lo dá iye lé e. Lọ́yà ẹ lè jiyàn pé gbogbo ẹ̀ eré ni, pé kò sẹ́ni tó lérò ẹjọ́ nínú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó lè gbìyànjú ẹ̀, èmi ò ní fi ẹran mi ta tẹ́tẹ́ lórí ẹ̀. County Court lábẹ́ small claims ló máa lọ torí kò ju £10,000 lọ, ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n sì fi lè dúró kí wọ́n tó pè ọ́.

Ti ọ̀rẹ́ ẹ wá. Ní 1885 ilé ẹjọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ṣèlérí £20,000 fún àwọn ìjọ Congregational láti fi san gbèsè tó wà lọ́rùn ilé ìjọsìn wọn, ó san £12,000, ikú dé. Ìjọ ní kí àwọn ẹbí ẹ̀ san £8,000 tó kù. Kóòtù ní rárá, ìlérí ọ̀fẹ́ ni, kò sí ohun tí wọ́n fún un dípò, òfin ò lè fipá gbà á. Nítorí náà nínú ọ̀rọ̀ yín, nínawọ́ “mo ṣèlérí” kò mú ẹnikẹ́ni dé kóòtù, àmọ́ ìwọ tó fẹ́ ra ọ̀pẹ̀yìnbó, ọjà lo rà. Mo mọ̀ pé ó dà bí ìyà, ẹni tó fẹ́ mú nǹkan lọ sílé ni gbèsè so mọ́, ẹni tó fẹnu yangàn lásán ń rìn káàkiri.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bi akápò ni pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pẹ̀yìnbó náà. Mo mọ básà wa dáadáa, bí olówó bá ní òun ò gbà á sílé wọ́n á tún un lù, nígbà míì ọ̀pẹ̀yìnbó kan ṣoṣo lè pa owó lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí wọ́n bá ti tún tìrẹ lù tí ẹlòmíì rà á ní £900, tí ó sì sanwó, ohun tí wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ ẹ ti di £600. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n kàn jẹ ẹ́ ní ilé ìdáná, ìyẹn ò ní mú kí ẹjọ́ wọn lágbára sí i. Kí o fún wọn ní owó díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa rọ̀ jù, kí o sì gba rìsíìtì. Ohun kan tí akápò yín lè má mọ̀: bí ọjà bá ní iye tí gbogbo èèyàn mọ̀ lọ́jà, ọ̀pẹ̀yìnbó náà £3 jẹ́ ká sọ, tí o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó dá owó lé e, ìyókù lè wọ Gift Aid bí o bá ń san owó orí, ìjọba á fi 25p kún £1 kọ̀ọ̀kan. Sọ fún un, bóyá yóò yé fóònù sí ọ lójoojúmọ́.

Ẹ káàárọ̀ sà. Akápò ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tó jáde níléèwé wa ni mí. A ṣe gbàǹjo láti fi tún ilé ìyàgbẹ́ ilé ìwé ṣe, ọmọkùnrin kan dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó ra gèlè aṣọ òkè kan tí ò ju ₦80,000 lọ ní ₦2.5 mílíọ̀nù, a pàtẹ́wọ́, a jó. EFCC ti mú un báyìí, wọ́n ní yàhúù ni, wọ́n sì ti kọ̀wé pé kí èmi wá. A ti ná ìdajì owó náà. Ẹ̀rù ń bà mí.
*Akápò, Ìbàdàn*

Màmá, ẹ má sá. Ẹ mú lọ́yà dání, ẹ mú ìwé ìṣirò owó, ìwé ìpè àti rìsíìtì bíríkì àti sìmẹ́ǹtì dání, ẹ lọ. Àwọn tó tóbi jù yín lọ ti bára wọn nínú ẹ̀. Òṣèré Leonardo DiCaprio ní àjọ kan nígbà kan rí tó máa ń fi gbàǹjo kówó jọ fún àyíká, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó ẹ̀bùn wá fún un ni Jho Low ará Malaysia, ẹni tí ìjọba Amẹ́ríkà ní ó wà nínú àwọn tó jí owó 1MDB, àpò owó ìjọba Malaysia, kó, owó tí wọ́n ní ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Ní 2017, DiCaprio dá àwọn nǹkan tó ti gbà pé òun máa lù ní gbàǹjo padà fún ìjọba Amẹ́ríkà, àwòrán Picasso wà lára ẹ̀, pẹ̀lú àmì-ẹ̀yẹ Oscar tí Marlon Brando gbà tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Wọn ò mú DiCaprio o, ó tètè sọ̀rọ̀ ni.

Lójú òfin, ẹni tó gba owó láìmọ̀ pé owó olè ni, tó sì fún ẹni náà ní ọjà tó tó iye yẹn, ó lè di owó náà mú. Tiyín, gèlè ₦80,000 ni ẹ fún un, ₦2.42 mílíọ̀nù tó lé, ọrẹ ló jọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti lè ní kí ẹ dá a padà. Èyí tí ẹ ti ná sórí ilé ìyàgbẹ́ láìmọ nǹkan kan, ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà láti 1991 pé ẹni tó ti ná owó tọkàntọkàn lè fi ìyẹn gbèjà ara ẹ̀, lọ́yà yín lè tọ́ka sí i. Èyí tó kù ní báǹkì, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, kódà bí kápẹ́ńtà bá wá ń kanlẹ̀kùn. Ẹ tún wò ó bóyá ẹgbẹ́ yín ti forúkọ sílẹ̀ ní SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó ìdọ̀tí, torí wọ́n máa bi yín, àti bóyá káàṣì ni ọmọkùnrin yẹn kó wá lápò tàbí ó sọ ọ́ sí àkáǹtì. Òfin 2022 lórí fífi owó ìdọ̀tí ṣe owó mímọ́ kò gba kẹ́nìkan san ju ₦5 mílíọ̀nù lọ ní káàṣì, tiyín ò tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn dáa.

Lọ́yà wa, ọ̀rọ̀ mi ò gùn. Níbi gbàǹjo fún àwọn ọmọ òrukàn l'Abẹ́òkúta, MC ní “kò sí iye tá a dá lé ọjà kankan lónìí, ẹni tó bá sanwó jù ló ni ín.” Wọ́n gbé adìrẹ yáàdì mẹ́wàá jáde, èmi nìkan ló dá owó, mo ní ₦12,000. MC wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ní ká fi èyí sílẹ̀ ná, ó kéré jù. Nígbà tó yá mo rí aṣọ yẹn lọ́wọ́ ìyá kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí alága ètò, wọ́n ní ₦12,000 náà ló san. Ṣé ẹjọ́ wà níbẹ̀ àbí kí n gbé e fún Ọlọ́run?
*Oníbàárà tí wọ́n rẹ́ jẹ*

Ẹjọ́ wà níbẹ̀ o, jàre. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n fẹ́ lu ẹ̀rọ méjì tí wọ́n fi ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò ní gbàǹjo, wọ́n ní kò sí iye tí wọ́n dá lé e. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀rọ yẹn tó £14,000. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló dá owó, £200 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olùgbàǹjo ní ẹ̀yin ń ṣeré ni, ó kó ẹ̀rọ náà pamọ́, ó sì tà á fún ẹlòmíì lẹ́yìn. Court of Appeal ní 2000 dá ọkùnrin yẹn láre: bí o bá ti sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹni tó sanwó jù ló ni ín, o ò lè mú ọjà kúrò torí iye ò tẹ́ ọ lọ́rùn. Wọ́n yọ £400 tó fẹ́ san kúrò nínú £28,000 tí ẹ̀rọ méjèèjì tó, wọ́n fún un ní £27,600. Ìdájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, kò de adájọ́ Ògùn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tẹ́tí sí i nínú irú ọ̀rọ̀ yìí.

Tiyín tiẹ̀ tún burú sí i, torí iye kan náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí, kìí ṣe pé àwọn ọmọ òrukàn jèrè nǹkan kan. Ẹ wá ẹlẹ́rìí méjì tó gbọ́ ohun tí MC sọ. Lẹ́yìn náà ẹ gbéra lọ sí Ìtòkú, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta adìrẹ yáàdì mẹ́wàá irú ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò mẹ́ta, ẹ gba ìwé iye lọ́wọ́ wọn, ẹ yọ ₦12,000 kúrò nínú ẹ̀. Iye tó kù yẹn ni kí ẹ kọ sínú lẹ́tà yín sí alága ètò.